Ìmọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹ kó wọ ilé ìkàwé

Ẹni tó bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, yálà ní òpópónà Otigba tàbí Ola-Ayeni, yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó ti tábìlì kékeré, tí wọ́n ń tú fóònù, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ọ̀gá ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn níṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá kò bá sì mọ̀, wọn a wò ó nínú fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìmọ̀ kò wọ́n lọ́jà náà, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi ń lọ déédéé níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ológeere, tí àwọn bàbá wa gùn lọ sóko, tí àwọn olùkọ́ gùn lọ sílé ìwé, kò rí irú àǹfààní yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ka bí a ṣe ń so ṣéènì tó já, tàbí bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọkọ̀ láìfarapa, yóò wá a tì kó tó rí ìwé Yorùbá tó ṣàlàyé rẹ̀ ní ilé ìkàwé tó wà nítòsí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà sì wà lára wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, nílùú ńlá àti ní abúlé. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gùn ún láìmọ òfin ojú pópó, ikú ló ń fi ṣeré.

Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí ló kọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gba ọwọ́ òsì. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn kan ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ kojú ọkọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí ohun tó ń bọ̀. Wọn kò mọ̀ pé awakọ̀ tó ń yọ láti ojú ọ̀nà kékeré kì í retí ẹnikẹ́ni láti apá ibẹ̀.

Àtúnṣe náà kò le. Kí á tó gùn ún, ohun mẹ́ta ni kí á yẹ̀ wò: táyà, bíréèkì àti ṣéènì. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó yóò jẹ́ kí ríìmù gé túùbù. Bí a bá fún bíréèkì tó sì kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wáyà rẹ̀ ti dẹ̀. Kí á nu iyanrìn kúrò lára ṣéènì kí á tó fi ọ́ìlì sí i. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Ojú ìwé kan péré gba gbogbo èyí.

Ní ìlú Berkeley, ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1979 ni ilé ìkàwé ìlú ti ń yá aráàlú ní irinṣẹ́ bí ẹni ń yáni ní ìwé. A kò ní kí tiwa ṣe tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, túmọ̀ apá tó kan àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ìwé òfin ìrìnnà sí Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fi pọ́ǹpù, sípánà àti gọ́ọ̀mù sí ilé ìkàwé wọn, kí wọ́n sì ké sí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti wá kọ́ aráàlú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí àwọn ọ̀dọ́ Computer Village ya ẹ̀kọ́ náà sí fídíò ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kó o sínú mẹ́mórì káàdì, kó lè dé abúlé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Bí ìjọba bá sì kó ọjà náà lọ sí Katangowa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ láti ọdún púpọ̀ wá, kí wọ́n má gbàgbé ilé ìkàwé níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kọ́kọ́ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ná. Òótọ́ ni, ọ̀nà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n owó ìwé kò tó owó ọ̀dà títì, ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ jáde lóòórọ̀ yìí kò sì lè dúró di ìgbà tí wọn yóò la ọ̀nà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí ọgbọ́n náà wà níbi tí ọmọ mẹ̀kúnnù ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.