Ẹ Yé Bi Asáré Pé Ipò Kelòó Ló Gbà

Ìbéèrè kan wà tó máa ń yá wa lẹ́nu jù. Bí ọmọ bá gbé káàdì èsì ìdánwò dé láti ilé ẹ̀kọ́, kí a tó bi í pé kí ló kọ́, a ó ti bi í pé, "Ipò kelòó lo gbà?" Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ti ibi ìdíje dé, ìbéèrè kan náà ni. Bí ẹnì kan bá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré ju kìlómítà 42 lọ nínú oòrùn Èkó, tí ètè rẹ̀ gbẹ, tí òógùn di iyọ̀ funfun sí i lójú, a kò ní kí i kú iṣẹ́. "Ipò kelòó lo gbà?" ni a ó fi pàdé rẹ̀. Mo fẹ́ sojú abẹ níkòó nínú àròkọ yìí: ìbéèrè náà kò bójú mu fún ẹni tó sá márátọ́ọ̀nù. Kò sọ òtítọ́ nípa ohun tí ẹni náà ṣe, ó sì lè ba ohun rere jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Márátọ́ọ̀nù ni eré ìje tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n fi pè é, wọ́n sì sá a níbi ìdíje Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ti òde òní ní Athens lọ́dún 1896. Lónìí, àwọn ìlú ńláńlá bíi Boston, New York, London àti Berlin máa ń ti ọ̀nà wọn pa lọ́dọọdún kí ará ìlú àti àlejò lè sá a. Èkó náà darapọ̀ mọ́ wọn ní ọjọ́ 6, oṣù Kejì, ọdún 2016. Láti Pápá Ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti gbéra, wọ́n gba orí Third Mainland Bridge, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic ní Victoria Island. Abraham Kiptum, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ló gba ipò kìn-ín-ní. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Ethiopia ló sábà máa ń wà níwájú.

Ibí gan-an ni èrò wa ti wọ́. A rò pé nítorí ipò kìn-ín-ní ni gbogbo èrò yẹn ṣe jáde. Ẹ wo New York. Lọ́dún 1970 tí wọ́n kọ́kọ́ sá a níbẹ̀, ènìyàn 127 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn 55 ló parí. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tó ń parí rẹ̀ lọ́dún kan ti ju 50,000 lọ. Ẹ yọ ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó ṣe ipò kìn-ín-ní kúrò níbẹ̀, kí ni a fẹ́ pe àwọn yòókù? Ṣé aṣiwèrè ni gbogbo wọn ni? Rárá o. Oníkálukú ló mọ ohun tó gbé e jáde. Ẹnì kan ń sáré nítorí àìsàn ara rẹ̀, ẹnì kan ń fi sọrí ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ní London, ọ̀pọ̀ ló ń fi eré náà kó owó jọ fún ìtọ́jú aláìsàn àti ìrànwọ́ aláìní. Ipò kelòó ni a fẹ́ fún ìyẹn?

Àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi, wà lára irú wọn. Aránṣọ ni. Láti àárọ̀ di alẹ́ ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, títí dókítà fi sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, ó sì gbọ́dọ̀ máa lo ara rẹ̀. Ó fi ìrìn ìdájí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń sáré láti òpó iná kan dé èkejì. Lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀ fún márátọ́ọ̀nù Èkó. Mo bi í léèrè gbogbo ohun tó rí lọ́nà, ó sì ń sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń gé aṣọ lọ.

Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, èrò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ kò ráyè. Àwọn ọ̀dọ́ ń sáré bí ẹni tó ń lé olè, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ń bá wọn lọ́nà, tí wọ́n ti fọwọ́ lé ìbàdí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láàrin ìgboro, àwọn ènìyàn dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ kí àwọn asáré lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n lórí Third Mainland, kò sí òǹwòran, kò sí ibòji. Ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọ̀sà lósì, oòrùn lókè, ọ̀dà gbígbóná nísàlẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ àti èémí nìkan ni ènìyàn ń gbọ́. Ó ní ọjọ́ tí òun fi ẹsẹ̀ kọjá lórí afárá yẹn ni òun tó mọ̀ pé ó gùn.

Nígbà tó ku bíi kìlómítà méjìlá, ó kan ohun tí àwọn asáré ń pè ní ògiri. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa ló jẹ́ kí ó yé mi. Ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ kó pamọ́ wà lára ohun tí ara ń fi ṣe agbára, bí eré bá sì ti ń lọ sí bíi kìlómítà 30, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ara á wá gbójú lé ọ̀rá, èyí tí kì í yára di agbára. Ẹsẹ̀ á wúwo bí òkúta, ọkàn á máa sọ pé kí ènìyàn jókòó. Pajápajá mú àǹtí mi ní itan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí dúró, ó bá a na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ààbọ̀ píọ̀ wọ́tà ọwọ́ rẹ̀ fún un mu, ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ìṣẹ́jú mélòó ni ọkùnrin yẹn pàdánù? Ènìyàn mélòó ló kọjá lára rẹ̀ lákòókò náà? Kò sí àyè fún irú inú rere bẹ́ẹ̀ nínú ìbéèrè wa.

Ó lé ní wákàtí márùn-ún kí àǹtí mi tó dé òpin. Wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì wọ̀ ọ́ dé àdúgbò. Kí ni wọ́n fi pàdé rẹ̀? "Ipò kelòó?" Nígbà tó ní òun kò mọ̀, ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní kí ó tó dé, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà ti jẹun, wọ́n ti sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi jáde sáré mọ́, ojú ń tì í láti gba iwájú wọn kọjá ní ìdájí. Ẹ rántí pé dókítà ló ní kó máa lo ara rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn kò tilẹ̀ ṣe ìṣirò. Ẹni tó wà níwájú máa ń lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ọ̀nà. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, nítorí náà kí oòrùn tó gbóná janjan, ó ti parí. Ẹni tó lo wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ti pẹ́ lórí ẹsẹ̀ ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Òun ló jẹ oòrùn ọ̀sán. Òun ló dé ibi tí wọ́n ti ń pín omi nígbà tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò sọ pé ó yára ju ọmọ Kẹ́ńyà lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó fara da ohun kan tí ẹni iwájú kò pàdé rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹni ìkẹyìn kò ní ìyì, kí ó lọ wádìí John Stephen Akhwari, ọmọ ilẹ̀ Tanzania. Ní Òlíńpíìkì Mexico City lọ́dún 1968, ó ṣubú lójú ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ sì fara pa. Mamo Wolde ti Ethiopia ti gba wúrà, ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀pọ̀ òǹwòran ti lọ, nígbà tí Akhwari tiro wọ pápá ìṣeré pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́sẹ̀. Àwọn 57 ló parí eré náà, òun ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò fi ṣíwọ́, èsì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn ni pé orílẹ̀-èdè òun kò rán òun wá láti bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n rán òun wá láti parí rẹ̀ ni. Ẹ bi àwọn tó wà láyìíká yín pé ta ló ṣe ipò kejì lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹnì kan mọ̀ ọ́n?

Àwọn tó wà níwájú pàápàá kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹrú ipò. Nígbà tí London kọ́kọ́ ṣe márátọ́ọ̀nù tirẹ̀ lọ́dún 1981, Dick Beardsley ti Amẹ́ríkà àti Inge Simonsen ti Norway ló ṣíwájú. Dípò kí ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀ ní ìparí, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì jọ kọjá lórí ìlà. Wọ́n jọ gba ipò kìn-ín-ní, ọ̀run ò sì ya.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìfẹ́ ipò ń sọ ènìyàn dà. Ní Boston lọ́dún 1980, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosie Ruiz ló kọ́kọ́ dé òpin láàrin àwọn obìnrin. Wọ́n dé e ládé, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kò pẹ́ tí àṣírí tú pé kò sá gbogbo ọ̀nà náà, ìtòsí òpin ló ti wọ àárín àwọn asáré. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún Jacqueline Gareau ti Kánádà tó ni ín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ò wá irú èyí jìnnà. Ẹni tó ra ìdáhùn ìdánwò kó tó wọ gbọ̀ngàn, ìtòsí òpin ni òun náà ti wọ eré.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní bí a bá yé bèèrè ipò, ọ̀lẹ ni a ó máa fi ọmọ ṣe. Wọ́n á ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀bùn owó. Òótọ́ ni. Mi ò ní kí wọ́n má fún ẹni tó yára jù ní ẹ̀bùn rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ṣe, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ipò kò lè sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀lẹ fún wa. Ọ̀lẹ kì í jí ní ìdájí fún ọdún kan gbáko. Ọ̀lẹ kì í dìde lẹ́yìn tí pajápajá bá mú un. Bí a bá ń wá ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a wá a láàrin àwọn tó jókòó sílé tí wọ́n ń fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.

Àwọn asáré fúnra wọn ti ní ìbéèrè tó dára ju tiwa lọ. Bí wọ́n bá pàdé, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Wákàtí mélòó lo lò? Mélòó lo lò lọ́dún tó kọjá?" Ara ẹni ni wọ́n ń fi ara ẹni wé. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí kíláàsì. Mo wà ní SS 2. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa ṣe ipò 41 ní táàmù kìíní. Ó kàwé gan-an, ó sì bọ́ sí ipò 29 ní táàmù kejì. Pàṣán ni wọ́n fi kí i káàbọ̀ nílé, nítorí pé 29 ṣì jìnnà sí 1. Ènìyàn méjìlá ni ọmọ yẹn sáré kọjá, kò sẹ́ni tó rí i. Ní táàmù kẹta, kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ta ni kí a bá wí?

Ẹ̀yin òbí wa, mo bẹ̀ yín, bí káàdì bá dé, ẹ gbé ti táàmù tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi eré ọlọ́nà jíjìn kún eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ẹ sì jẹ́ kí pápá dúró pàtẹ́wọ́ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a ṣíwọ́ híhó lé ẹni tó kẹ́yìn lórí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lọ́jọ́ tó bá pè é, ẹ dákun, ẹ má bi í pé ẹni kelòó ló jẹ́ tó pè é. Ẹ kí i kú oríire.