Àlejò Kọ́ Ló Jẹ Owó Epo

Láti ọwọ́ akọ̀wé wa ní Ìkòyí, ilẹ̀ Òkun

Láti Ìkòyí títí dé Kábà, agboolé tó ní ọmọ nílùú òyìnbó kò ṣọ̀wọ́n mọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kù sílé sì ń wá bí àwọn náà yóò ṣe jápa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi dun ọ̀pọ̀ ìdílé nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọ́jú àwọn arúgbó wọn kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn jàǹdùkú ya bo òtẹ́ẹ̀lì kan ní agbègbè Rotherham, wọ́n fẹ́ dáná sun ún, torí pé àwọn tó ń wá ibi ìsádi ló wà nínú rẹ̀. Àhesọ ló tan iná rògbòdìyàn ọ̀hún ká: wọ́n ní ẹni tó fi ọ̀bẹ pa ọmọdé mẹ́ta ní Southport jẹ́ àjèjì tó wọ ọkọ̀ ojú omi wọlé. Irọ́ ni: Cardiff, nínú orílẹ̀-èdè wọn gan-an, ni wọ́n bí i sí.

Ọmọ Nàìjíríà tó bínú sí èyí kò jẹ̀bi. Àmọ́ ìbínú rẹ̀ kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí kò bá lè fi ojú kan náà wo ohun tí Nàìjíríà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní 1983.

Gánà ló kọ́kọ́ lé àlejò jáde. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Gbèsè ti wọ orílẹ̀-èdè náà lọ́rùn, àwọn ọ̀dọ́ kò ríṣẹ́, gbogbo ojú wá ń wo àjèjì tó ní ìsọ̀ lọ́jà. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí òfin náà bá: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà, Ṣakí àti Ìgbòho, tí wọ́n ti ń pàtẹ ní Accra, Kumasi àti Tamale láti ayé bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀, tí wọ́n mú ìwọ̀nba ohun tí ọkọ̀ lè gbà. Ẹlòmíì wà nínú wọn tó jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí i sí, tí kò dé ìlú bàbá rẹ̀ rí. Kí wá ni Gánà rí jẹ níbẹ̀? Àwọn àjèjì láti Upper Volta, Tógò àti Niger ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ oko kòkó, nígbà tí wọ́n sì lọ, alágbàṣe wọ́n. Ní ìparí ọdún 1971, Busia gé iye owó cedi lulẹ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn ológun gbàjọba.

Láàárín ìgbà yẹn, epo rọ̀bì ti sọ Nàìjíríà di ibi tí gbogbo èèyàn ń wá. Káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń wọlé láti Gánà. Olùkọ́ náà ń bọ̀, nítorí pé ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1976 ti mú kí ilé ìwé pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Ìpínlẹ̀ Kwara ni ilẹ̀ Òkun wà nígbà náà, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991, ará Gánà sì wà lára àwọn tó ń kọ́ni ní àwọn ilé ìwé girama rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìṣirò nígbà náà ti di bàbá àgbà báyìí.

Ìgbà tí owó epo wálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1980, nǹkan bí bílíọ̀nù 25 dọ́là ló wọlé láti orí epo. Nígbà tó fi di 1983, kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 10 lọ. Epo ti pọ̀ ju oníbàárà lọ lọ́jà àgbáyé. Kò sí bíríkìlà kankan ní Mushin tó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú láàárín ọjọ́ 14. Ọdún ìdìbò sì ni.

Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì èèyàn ló gbéra, ará Gánà sì tó mílíọ̀nù kan nínú wọn. Wọ́n di ẹrù sínú àpò onílà tí gbogbo ọjà wa ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Rawlings, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ti ti ẹnubodè Gánà àti Tógò pa láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin náà sì bẹ̀rù pé èrò yóò há sọ́dọ̀ àwọn. Bí ọ̀nà ṣe dí nìyẹn, tí aboyún àti ọmọ ọwọ́ ń sùn sí gbangba, títí tí Gánà fi ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní. Ilé tí wọ́n ń padà sí kò sàn: ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ti jẹ oko run, 1983 sì wà lára àwọn ọdún ìyàn tí Gánà kò lè gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní ẹ̀san 1969 ni, pé ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀. Eérú kò tọ Busia o. Ó ti kú ní Oxford láti ọdún 1978. Télọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò dá sí òṣèlú rí ni eérú tọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn tó gbè lẹ́yìn ìjọba ní àlàyé tó yẹ kí a gbọ́. Rògbòdìyàn Maitatsine, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan, ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Kánò ní ìparí 1980, Kamẹrúùnù sì ni olórí ẹgbẹ́ náà ti wá. Orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀ àti láti béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọ̀daràn kì í lé mílíọ̀nù méjì èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979, tó fún ará wọn láyè láti wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà, kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà.

Ohun tó tẹ̀lé e ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Àlejò lọ, ọ̀wọ́n kò lọ. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ológun lé Shagari. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun jókòó ní 1984 lórí owó ìlú, àwọn tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n jẹ́ gómìnà tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ Nàìjíríà pọ́ńbélé. Ìjọba tó rán wọn lẹ́wọ̀n yìí kan náà tún lé nǹkan bí 700,000 àjèjì ní 1985. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, náírà sì wó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Gíríìsì. Gbèsè ìjọba ló wó ọrọ̀ ajé wọn lẹ́yìn 2009, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Golden Dawn ń sọ fún aráàlú pé àjèjì ló fa ebi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, wọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ náà dé orí àga 21 ní ilé ìgbìmọ̀. Lásìkò kan náà, àwọn ọ̀dọ́ Gíríìsì fúnra wọn ń kó lọ sí Jámánì láti wá iṣẹ́.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ebi tún ti dé sí Nàìjíríà lónìí, àwọn kan sì ti ń nàka sí àwọn àgbẹ̀ àlejò tó wá gba ilẹ̀ dáko ní ilẹ̀ Òkun, àwọn tí iṣu wọn wà lára ohun tó ń bọ́ ọjà Kábà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan wọ́de ní Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà kó lọ. Àbújá rán aṣojú lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà tọ́, yóò sì ní ìwọ̀n sí i bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá sọ ní gbangba pé àìdára ni ìléjáde 1983 àti 1985, kí wọ́n sì fi í sínú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ń kà nílé ìwé. Àwọn tí olùkọ́ ará Gánà kọ́ ní ilẹ̀ Òkun ṣì wà láyé láti jẹ́rìí. Kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn kí àwọn ọmọ tó wọkọ̀ òfuurufú.