Ọ̀rọ̀ Ọ́ìlì Alùpùpù: Ta Ni Synthetic Yẹ Fún?

 

Àwọn tó wà ní ìpàdé wa tó kọjá kò ní tíì gbàgbé àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ọlọ́kadà wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ máa ra ọ́ìlì synthetic ní páálí-páálí, kí a sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó bá fi owó ẹgbẹ́ ra máṣíìnì, kí a sì ṣírò owó rẹ̀ mọ́ ẹ̀yáwó wọn. Bàbá kan dá a lóhùn pé ìnákúnàá gbáà ni, pé ọ́ìlì lásán ni òun ń lò láti ayé Honda 50 wá, ẹ́ńjìnì òun kò sì kú. Ariwo pọ̀, ilẹ̀ ṣú, a kò fẹnu kò.

Èmi akọ̀wé kò lè dákẹ́ sí i, nítorí ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀yáwó wà. Mo mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì, tí ẹni tó jẹ gbèsè kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, tí àwọn onídùúró rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú burúkú wo ara wọn. Èrò tèmi ni pé synthetic dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo máṣíìnì ló yẹ fún, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà.

Kí ni ó tilẹ̀ ń jẹ́ synthetic? Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń sẹ́ ọ́ìlì lásán. Ti synthetic, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ló ń tò ó pọ̀ ní ilé iṣẹ́. Nítorí náà kì í tètè ṣàn bí omi bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, kì í sì í tètè jóná di ẹrẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú ẹ́ńjìnì bàálù jẹ́ẹ̀tì. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni a ti yá orúkọ tí a fi ń pe máṣíìnì akérò. Alùpùpù wa kò ní omi tí ń tu ẹ́ńjìnì lára, afẹ́fẹ́ nìkan ló ní. Bí ó bá gbé èrò méjì láti Òrò lọ sí Omu-Aran nínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀, ooru inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti jàre nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nínú mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í ṣe ọ́ìlì jíà. Nínú alùpùpù bíi Bajaj Boxer, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń mu. Bí ọ́ìlì bá yọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní lè di ara rẹ̀ mú. Mo ti jẹ ìyà èyí rí. Mo ra ọ́ìlì mọ́tò olówó ńlá kan, ṣebí ohun tó wọ́n ló dára! Kò pẹ́, mo ń gun òkè lọ sí Esie, máṣíìnì ń ké, kò rìn. Kílọ́ọ̀ṣì ti jó. Àṣìṣe tèmi ni, n kò ka ara ike.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo owó, ẹ wo ẹ̀yìn ike. JASO MA tàbí MA2 ni kí ẹ wá níbẹ̀. Àwọn ará Japan ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní 1998 fún ọ́ìlì alùpùpù. MB kò yẹ fún máṣíìnì oníkílọ́ọ̀ṣì bíi tiwa. Bí kò bá sí MA níbẹ̀, ì báà jẹ́ synthetic tó wọ́n jù lọ ní Ìlọrin, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbà wo wá ló yẹ? Bí máṣíìnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ẹ ní sùúrù. Irin inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni. Ọ́ìlì lásán tó dára ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tètè da ti àkọ́kọ́ nù ní ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ sọ, nítorí ẹ̀rún irin máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì ti gbó, tó ń tú èéfín búlúù, tó ń jò nílẹ̀, owó tí ẹ ó fi ra synthetic, ẹ fi pààrọ̀ ríǹgì. Ẹ̀rọ tó ń jẹ ọ́ìlì yóò jẹ olówó ńlá náà ni.

Ó ku èyí tí ara rẹ̀ le. Ọlọ́kadà tó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́ yóò pé 2,000 kìlómítà ní 20 ọjọ́. Àgbẹ̀ tó ń rin 10 kìlómítà lọ bọ̀ oko yóò lo 200 ọjọ́ kó tó pé iye yẹn. Ọlọ́kadà lè jèrè synthetic, bí ó bá jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dà á nù. Ti àgbẹ̀, ọ́ìlì lásán tó. Ṣùgbọ́n kó má dúró de kìlómítà o. Ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ẹ́ńjìnì gbẹ, oṣù ni kó máa kà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn kan ní ẹni tó bá ti lo synthetic kò lè padà sí ọ́ìlì lásán mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí MA bá wà lára méjèèjì, ẹ lè padà. Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì jù ni àìyẹ ọ́ìlì wò. Nǹkan bíi lítà kan péré ló wà nínú máṣíìnì kékeré. Bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan bá ti jò, kò sí orúkọ tó lè rọ́pò ọ́ìlì tí kò sí níbẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú, tí wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì àlòkù padà sínú ike tuntun. Bí ẹ bá lo tiyín tán, ẹ fi ìṣó lu ike rẹ̀.

Àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ má fi synthetic ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní May 2023, ẹrù ẹ̀yáwó ti wúwo tó. Kí a ra ọ́ìlì lásán tó ní MA pọ̀, kí a sì ra synthetic díẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Kí gbogbo máṣíìnì ẹ̀yáwó ní káàdì tí a ó máa kọ ọjọ́ àti kìlómítà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì sí, kí àwọn onídùúró sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè rẹ̀ ní ìpàdé oṣooṣù. Káàdì yẹn kò ní ju owó táńbà lọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé yóò gba ẹ́ńjìnì là ju páálí synthetic lọ.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó mú un wá sí ìpàdé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi gbèsè jogún òkú máṣíìnì.

Èmi ni akọ̀wé yín.