Kòkòrò Ẹ̀wà Tí Mo Kà Mọ́ Òkú

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà tí mò ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì mi, mo ka òkú kòkòrò nínú àwo ẹ̀wà tí mo da ìyèré lílọ̀ sí, mo kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, inú mi sì dùn délé. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Ajé, mẹ́ta nínú àwọn òkú mi ń rìn gbéregbère lórí ẹ̀wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kòkòrò ẹ̀wà, Callosobruchus maculatus, máa ń díbọ́n bí òkú: bí nǹkan bá kàn án, á ká ẹsẹ̀ mọ́ra, kò ní mira. Kòkòrò àgbàdo, Sitophilus zeamais, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ wa pé ká fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ́ ọ kí á tó kà á mọ́ òkú. Èmi ò tọ́ ọ. Ẹ̀bi mi ni, mo sì ti tún un kà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà: kí ló dé tó jẹ́ òkú nìkan là ń kà?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní Ìkòròdú. Mo sọ fún wọn pé ìyèré mi ń pa kòkòrò láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó kú ńkọ́? Ṣé wọn ò ti yé ẹyin tán?" Bí Màmá bá fẹ́ ra ẹ̀wà tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya, wọn kì í wá òkú kòkòrò. Wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á gbé e sójú oòrùn, wọ́n á máa wá àmì funfun tíntìntín lára èèpo rẹ̀. Ẹyin nìyẹn.

Màmá gba máàkì. Kòkòrò ẹ̀wà tó ti dàgbà kì í jẹ ẹ̀wà inú àpò. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń lò láyé, yíyé ẹyin sì ni iṣẹ́ abo. Ọ̀kan lè yé tó 100, á lẹ̀ wọ́n mọ́ èèpo; ìdin á gbẹ́ ihò wọlé láti abẹ́ ẹyin, á jẹ inú ẹ̀wà, tó bá tó nǹkan bí oṣù kan, kòkòrò tuntun á gba ojú ihò róbótó tí gbogbo wa mọ̀ jáde. Abo tó kú lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn tó ti yé ẹyin ti ṣe ohun tó wá ṣe. Nínú tábìlì wa, a ó kọ ọ́ pé ewéko borí. Èyí tí kò kú ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti yé ẹyin ńkọ́? Nínú tábìlì kan náà, ewéko fìdí rẹmi.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni agbára ọ̀pọ̀ ewéko wà. Lọ́dún 1959, ní Sudan, Heinrich Schmutterer, onímọ̀ kòkòrò ará Jámánì, rí i pé àwọn eéṣú tó ń jẹ ewé run bà lé igi dọ́ńgóyárò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìjẹ. Wọn ò kú; wọ́n kọ̀ ọ́ ni. Lọ́dún 1978, àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí òróró ẹ̀pà díẹ̀ tí a pò mọ́ ẹ̀wà láti dáàbò bò ó. Òróró á bo ẹyin, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀gbẹ́ dichlorvos la máa ń gbé ewéko sí nínú àbájáde wa, ká wá kọ ọ́ pé ewéko "kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára". Dichlorvos yìí ló mú kí European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní 2015. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń wọ́n ọn sínú ẹ̀wà tí èmi àtẹ̀yin ń jẹ. Bí oníṣòwò bá ka iṣẹ́ wa, èwo ni yóò rò pé a ní kóun lò?

Mi ò sọ pé ewéko kò ní àléébù. Mo gbé ẹ̀wà oníyèré gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀. Oníbàárà àkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó ní ṣé ẹ̀wà ni àbí pẹpẹsúùpù. Kò rà á. Mo tún rí i pé àpò fara kan àpò ní ìsọ̀ náà: kòkòrò àgbàdo tí òórùn bá lé kúrò nínú ọ̀kan lè kàn sọdá sí èkejì, òun sì rèé, ó ń jẹun, ó ń lo oṣù mélòó kan láyé. Ti ìdin tó ti wà nínú hóró láti oko kò ṣeé sọ. Òórùn ìta kò kàn án.

Kíka òkú kò lè sọ ìkankan nínú èyí fún wa. Ẹ jẹ́ ká gbé àwo méjì síwájú kòkòrò, ọ̀kan oníyèré, ọ̀kan lásán, ká wo ibi tó máa yà sí. Ká fún àwọn mìíràn ní oníyèré nìkan, torí abo tí kò rí ibòmíràn lè yé ẹyin síbẹ̀ náà. Ká ka ẹyin, ká sì dúró di ìgbà tí ọmọ yóò jáde. Ó ju oṣù kan lọ, sáà ẹ̀kọ́ wa sì kúrú, mo mọ̀.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Màmá ń retí iye ẹyin. Abẹ́rẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́ ní yàrá ìwádìí, fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó.