Ẹ Dá Bíréèkì SS3 Padà Nítorí Ojú Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo fẹ́ sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni bíréèkì àwa SS3 ti di àsìkò ìdánrawò CBT. A ó kúrò ní kíláàsì, a ó wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Tí a bá délé, fóònù náà la tún máa fi ka nóòtì tí wọ́n yà sí WhatsApp. Ojú ń ta wá, orí ń fọ́ wa. Wọ́n ní iná fóònù ló fà á, àwọn kan tiẹ̀ ti ń ra awò tí wọ́n ní ó ń dènà iná búlúù.

Iná kọ́ o. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, American Academy of Ophthalmology, ti sọ pé kò sí ẹ̀rí pé ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ń ba ojú jẹ́, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ra awò yẹn. Àìṣẹ́jú wa ni. Èèyàn máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan (ẹ ò rí orúkọ tí Yorùbá fún un!), ṣùgbọ́n tó bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó lè má tó ìdajì ìyẹn. Ojú á gbẹ, á máa ta bíi pé iyanrìn bọ́ sí i. Ìyẹn kò le: ní gbogbo 20 ìṣẹ́jú, kéèyàn gbójú sókè wo nǹkan tó jìn tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20.

Èyí tó le ni àìrí ọ̀ọ́kán. Ẹyinjú ọmọ tó ń wo nǹkan itòsí ṣáá, tí kì í jáde síta, lè gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ti gùn, kì í súnkì padà mọ́. Ní Taiwan, láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń rọ àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé kí ọmọ máa wà níta fún 120 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Iye ọmọ tí ojú wọn ń ṣú, tó ti ń pọ̀ sí i tipẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìmọ́lẹ̀ ìta ni. Abẹ́ igi pàápàá tó. Ojú tiwa náà ṣì ń dàgbà.

Ẹ wo ẹ̀yìn kíláàsì wa. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n ń wò kọ, torí bọ́ọ̀dù ti di kùrukùru lójú wọn. Ọ̀lẹ là ń pè wọ́n. Tí ẹnì kan bá sì wá lo awò, àá ní "olójú mẹ́rin". Kò dáa.

Mo mọ̀ pé JAMB kì í ṣeré: ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, ẹni tí kò bá fọwọ́ kan máùsì rí á jìyà. Mi ò ní kí ẹ pa ìdánrawò rẹ́. Ẹ gbé e sí àsìkò tí a kò bá ní olùkọ́ ní kíláàsì, ó kúkú pọ̀, ẹ má bínú. Kí PTA bá wa pe àwọn tó ń yẹ ojú wò wá. Tó bá di Ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń fún ojú pọ̀ kí wọ́n tó rí bọ́ọ̀dù wá jókòó níwájú. Ìyẹn ò ná wa ní kọ́bọ̀.