Ẹ Má Sọ fún Nọ́ọ̀sì Pé Kó Panu Mọ́

Ẹ̀yin òbí wa, ó ṣòro kí Yorùbá mẹ́wàá péjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kí a má rí nọ́ọ̀sì láàárín wọn, tàbí ẹni tí ó bí nọ́ọ̀sì. Ìmọ̀ràn kan náà ni a sì ń fún wọn: ìlú onílùú ni o wà, ṣe iṣẹ́ rẹ, gba owó rẹ, panu mọ́. Ìfẹ́ ni a fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ìmọ̀ràn rere ni, pàápàá fún àwọn tí ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Ní ọdún 1984 ni Andrew Jameton, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìrora kan nínú ìwé tí ó kọ lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: kí ènìyàn mọ ohun tí ó tọ́, kí ètò ibi iṣẹ́ má sì jẹ́ kí ó lè ṣe é. Ìdààmú ẹ̀rí-ọkàn ni. Oorun a máa lé àárẹ̀ lọ. Èyí kì í bá oorun lọ.

Ìlànà wọ́ọ̀dù náà níhìn-ín ni pé kí nọ́ọ̀sì 1 máa tọ́jú aláìsàn 1 tí ẹ̀rọ ń bá mí. Nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà ní 2020, ìlànà yìí fọ́. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun yí aláìsàn padà kí ara rẹ̀ má bàa dégbò, kí òun nu ẹnu rẹ̀, kí òun di ọwọ́ ẹni tí ń kú lọ mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹlòmíràn ń ké. Láìsí àjàkálẹ̀ pàápàá, òun náà ni yóò máa gún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìtọ́jú mọ́ lábẹ́rẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ sọ fún ẹbí pé ó ti tó. (Àwa náà ń dá kún un, nígbà tí a bá ní kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní ṣíṣe fún bàbá tí ó ti ń lọ.)

Bí kò bá rí ibi sọ ọ́, yóò kọ́ bí a ti ń yẹra. Yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ, yóò sì máa sá fún ojú ẹbí aláìsàn. Òmíràn a fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ a sì bọ́ sórí àwọn tí ó kù.

Mo mọ ohun tí ń bà wá lẹ́rù. Ẹni tí agbanisíṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀, bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá òmíràn. Ẹ̀rù náà tó bẹ̀rù. Síbẹ̀, ìlànà ìwà tí Nursing and Midwifery Council gbé jáde ní 2015 pa á láṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láìjáfara bí ewu bá wà fún aláìsàn. Ẹni tí ó dákẹ́ lè jẹ́jọ́ ìdákẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 1998 sì wà tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ọ̀gá a máa yá ju òfin lọ.

Kí ó má dá nìkan sọ ọ́. Kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Kí ó sì ti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe Royal College of Nursing tàbí Unison, kí wàhálà tó dé, nítorí wọn kì í sábà gba ẹjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó wọlé.