Ilé Olówó Ayé Àtijọ́ ní Sísílì

Lọ́sẹ̀ yìí, ilé olówó kan ni a fẹ́ bẹ̀ wò ní erékùṣù Sísílì, ní ilẹ̀ Ítálì. Villa Romana del Casale ni orúkọ rẹ̀, ìlú Piazza Armerina ni ó sún mọ́. Ó ti lé ní 1,600 ọdún tí àwọn ará Róòmù ti kọ́ ọ.

Kì í ṣe ògiri rẹ̀ ni èrò ń lọ wò, bí kò ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di àwòrán, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí 3,500 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ ó rí àwọn ọdẹ tí wọ́n ń fa erin wọ ọkọ̀ òkun, ẹ ó sì rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe ìjọba Sísílì, ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ ya láti orí òkè, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má kẹ́dùn: ẹrẹ̀ yẹn ni ó pa á mọ́. Láti 1950 ni Gino Vinicio Gentili àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti hú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde.

Ìgbà tí ó jáde tán ni ìyọnu dé. Kí òjò má baà pa á, wọ́n fi ike tí ó mọ́ gaara bí dígí ṣe òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé náà gbóná bí ààrò, ooru àti ọ̀rinrin sì ń ba àwòrán jẹ́. Ohun tí wọ́n fi gbà á là ni ó fẹ́ pa á! Nígbà tí ó yá, wọ́n tú u kúrò, wọ́n fi pákó ṣe òrùlé mìíràn tí oòrùn kò lè là kọjá, wọ́n sì tún àwọn àwòrán náà ṣe. Ní 2012 ni wọ́n tún ṣí i fún àlejò.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ àwòrán náà; orí afárá tóóró ni ẹ ó ti máa wò ó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, kí ó má baà fò sílẹ̀. Bí òkúta kan bá ṣí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa tẹ̀lé e, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Àwọn tí ó kọ́ ọ ti lọ tipẹ́. Ọwọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ àti àwa àlejò ni ó kù sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.